Ikùn, ìdí àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀: èwo ló ń pe rọpárọsẹ̀?

Ìbéèrè: Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, ọmọ ọdún 54 ni mí. Lọ́dún tó kọjá ni rọpárọsẹ̀ kọlu ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Wọn ò sanra rárá, àfi ikùn tó yọ. Ní ọsibítù, wọ́n yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n ní kò ga. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ọ̀róbó láti kékeré lọ yẹ tèmi wò, ó jẹ́ 228. Aládùúgbò mi lọ sí lábù mìíràn, tirẹ̀ jẹ́ 5.4 péré, ó wá ń sọ pé kí n yáa tọ́jú ara mi, pé èmi ló kàn. Kílò 86 ni mo wọ̀n, mo ga ní mítà 1.60. Telọ mi wọn ìbàdí mi, ó ní ínǹṣì 38, ìdí mi 46. Dókítà, èwo gan-an ni kí n bẹ̀rù nínú gbogbo rẹ̀?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n yín. Ẹni tó bá ti dúró ti alárùn rọpárọsẹ̀ rí ló mọ ohun tójú yín ń rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ìjà ẹ̀yin àti aládùúgbò yín.

Òṣùwọ̀n 228 yín àti ti 5.4 tiwọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà lórí ìwé èsì: mg/dl ni wọ́n kọ sí tiyín, mmol/L ni yóò wà lára tiwọn. Lábù kan ń lo èyí, òmíràn ń lo ìyẹn, wọn kì í sì í sábà ṣàlàyé fún ẹni tó ń gba ìwé lójú fèrèsé. Tí ẹ bá fẹ́ sọ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò náà, tó wà ní mmol/L di mg/dl, ẹ fi 38.67 sọ ọ́ di púpọ̀. 5.4 yóò di nǹkan bí 209. Tí a bá yí tiyín padà síhà kejì, 5.9 ni. Ohun tí à ń fẹ́ ni kó má kọjá 200, ìyẹn 5.2. Ẹni tó ní ẹ̀yin ló kàn, òun náà ti fò ó kọjá. Ẹ má wulẹ̀ ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

228 yẹn fúnra rẹ̀, àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni. Lábù fi bírò pupa kọ H, ìyẹn pé ó ga, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì bà yín, ṣùgbọ́n ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ lórí ìwé tí ẹ yà ránṣẹ́ ló ní ìtumọ̀ jù: HDL, èyí tó ń kó kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù padà sí ẹ̀dọ̀, 62; triglycerides, oríṣi ọ̀rá mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, 95. Wọn ò kọ LDL, èyí tó ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lọ káàkiri ara, sí i, bẹ́ẹ̀ òun gan-an la nílò. A lè ṣírò rẹ̀. Ẹ yọ HDL kúrò nínú àpapọ̀, ó ku 166. Ẹ pín triglycerides sí ọ̀nà márùn-ún, ó jẹ́ 19. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú 166, ó ku 147. LDL yín nìyẹn. (Ìṣirò yìí kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí triglycerides bá ti lé ní 400, ṣùgbọ́n tiyín ò dé ìtòsí ibẹ̀.)

Ọ̀rá kì í pò mọ́ omi, bẹ́ẹ̀ omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà ni ara ṣe ń fi èròjà purotéènì wé ọ̀rá kó tó lè rìn kiri. LDL ló ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù láti inú ẹ̀dọ̀ lọ káàkiri ara. Tó bá ti pọ̀ ju ohun tí ara ń lò, ó máa ń wọ inú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, á dúró síbẹ̀, á wú, pàápàá ní ọrùn níbi tí iṣan ńlá ti pín sí méjì kí ọ̀kan nínú wọn tó gòkè lọ sí ọpọlọ. Ó lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún láìdun ènìyàn. Lọ́jọ́ tí ojú rẹ̀ bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ìdì náà á já wọ inú ọpọlọ, á sì dí ọ̀nà. HDL ní tirẹ̀ ń kó kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù padà sí ẹ̀dọ̀. Fún obìnrin, a fẹ́ kó ju 50 lọ, 62 yín sì dáa. Àmọ́ mi ò ní jẹ́ kí ẹ sùn lé e. Wọ́n ti ṣe oògùn tó ń gbé HDL sókè, nọ́ńbà sì gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó lò ó ò bọ́ lọ́wọ́ ìkọlù ju àwọn tí ò lò ó lọ. HDL tó ga kì í pa ẹ̀ṣẹ̀ LDL rẹ́.

LDL 147 ju ohun tí mo fẹ́ fún yín lọ. Lábẹ́ 130 ló yẹ kó wà fún ẹni tí nǹkan kan ò tíì ṣe, lábẹ́ 100 ló sì dára jù. Kò dé 190 tí à ń sọ pé oògùn ni láìwo ohun mìíràn. Triglycerides yín, 95, kò kọjá ààlà 150, ṣùgbọ́n mo ní kí ẹ mọ̀ pé nínú àwa ènìyàn dúdú, nọ́ńbà yẹn máa ń wà nílẹ̀ kódà lára ẹni tí ikùn rẹ̀ ti tóbi tí ṣúgà sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mi ò kì í fi triglycerides tó wà nílẹ̀ tu ẹnikẹ́ni nínú.

Ó wá kan ara. Ẹ ní kílò 86, mítà 1.60. Tí a bá fi gíga yín sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó jẹ́ 2.56, ẹ pín 86 sí i, ó jẹ́ 33.6. Ìwé sọ pé ẹni tó bá ti kọjá 30 ti sanra jọ̀kọ̀tọ̀. Òótọ́ ni, orúnkún yín náà á ti máa sọ ọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n fún rọpárọsẹ̀, sìkéèlì ni mo fọkàn tán kéré jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kó wá. Sìkéèlì ò mọ ibi tí ọ̀rá wà. Ìwádìí INTERSTROKE, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní orílẹ̀-èdè 22 tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2010, wo ìwọ̀n kílò sí gíga, ó wo ìbàdí sí ìdí. Kílò sí gíga ò fi ìyàtọ̀ hàn láàrin àwọn tí àrùn kọlù àti àwọn tí kò kọlù. Ìbàdí sí ìdí fi í hàn gbangba.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni SIREN, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn darí. Abẹ́òkúta níbí wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n mú àwọn 2118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù, wọ́n sì wá ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹnì kejì tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin, obìnrin pẹ̀lú obìnrin, tí àrùn náà ò ṣe rí. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2018. Wọ́n ṣírò pé bí a bá lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò pátápátá, nǹkan bí 91 nínú 100 ìkọlù ni kì bá tí wáyé. Ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí kò wà létò jẹ́ nǹkan bí 36. Ti ìbàdí tó tóbi ju bó ṣe yẹ sí ìdí, nǹkan bí 27. Ẹ má ro wọ́n pọ̀, wọ́n á ju 100 lọ, torí ẹnì kan ṣoṣo lè ru mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ìkọlù kan ṣoṣo sì lè wá látara gbogbo wọn.

Kí ló dé tí ọ̀rá ikùn fi burú ju ti ìdí? Ọ̀rá ìdí àti itan wà lábẹ́ awọ ara, ó dà bí ọjà tí ẹ kó sí yàrá ẹ̀yìn ìsọ̀, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ti inú ikùn wé mọ́ ìfun, iṣan tó gba ibẹ̀ kọjá sì já tààrà sí ẹ̀dọ̀. Ọ̀rá tó ń tú jáde níbẹ̀ ń da ẹ̀dọ̀ láàmú lọ́sàn-án lóru: ẹ̀dọ̀ á máa ṣe ọ̀rá púpọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, HDL á máa wálẹ̀, insulin, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ò ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa mọ́, ṣúgà á gòkè, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á gòkè tẹ̀lé e. Nǹkan mìíràn tún wà fún obìnrin ọjọ́ orí yín. Nígbà tí nǹkan oṣù bá ti dúró, ọ̀rá tí ara ń kó sí ìdí tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó sí ikùn, LDL náà á sì gòkè díẹ̀. Obìnrin lè wọ kílò kan náà fún ọdún mẹ́wàá kí búbá rẹ̀ sì máa há a níwájú.

Ẹ̀gbọ́n yín nìyẹn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́: wọn ò sanra, ṣùgbọ́n ikùn yọ. Ọkùnrin tí apá rẹ̀ tín-ín-rín, tí itan rẹ̀ tín-ín-rín, tí ṣòkòtò rẹ̀ ń so mọ́ abẹ́ ikùn, ìdí rẹ̀ kéré, ìbàdí rẹ̀ tóbi. Ìwọ̀n ìbàdí la máa ń fi ìwọ̀n ìdí pín: fún ọkùnrin, 0.90 ni ààlà, ti obìnrin sì jẹ́ 0.85. Irú wọn máa ń kọjá 0.90 kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n ní sísanra. Ẹ wo bí gbogbo ilé ṣe ń ṣọ́ ẹ̀yin Ọ̀róbó, tí ẹnikẹ́ni ò ṣọ́ wọn.

Tiyín wá ńkọ́? 38 pín sí 46 jẹ́ 0.83. Ó wà lábẹ́ ààlà. Ṣùgbọ́n mo ní iyèméjì sí telọ yín, kí ó má bínú. Ibi tí a ń so ìró mọ́ ni telọ ń wọ̀n, ìyẹn ibi tó há jù, òun ló sì ṣàǹfààní fún aṣọ. Ó tún ń fa téèpù mọ́ra díẹ̀, alárà náà á sì fa ikùn wọlé láìmọ̀. Ibi tí àwa ń wọ̀n yàtọ̀. Ẹ bọ́ aṣọ òkè, ẹ dúró ṣánṣán. Ẹ fi ìka wá egungun ìhà tó kẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́, ẹ tún wá orí egungun ìbàdí nísàlẹ̀ rẹ̀. Àárín méjèèjì ni téèpù ń gbà yí ká, kó tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú àti lẹ́yìn, kó má rì sínú ẹran ara. Ẹ mí síta bí ẹ ṣe máa ń mí, kí ọmọ ka nọ́ńbà nígbà náà. Ti ìdí, ibi tó yọ jù lọ lẹ́yìn. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Tí ìbàdí bá wá jẹ́ 40 dípò 38, ó ti di 0.87, ẹ ti bọ́ sí òdìkejì ààlà. Ínǹṣì méjì péré.

Kódà ká fi 38 telọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 96.5. Fún obìnrin, tí ìbàdí bá ti kọjá 80, a ti ń ṣọ́ ọ; tó bá kọjá 88, ewu rẹ̀ ti pọ̀. Tí ẹ ò bá fẹ́ ìṣirò, ẹ wá okùn tó gùn tó yín láti orí dé gìgísẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ẹ fi yí ìbàdí ká. Ó yẹ kí ẹnu rẹ̀ kan ara wọn. Tiyín ò ní kan ara wọn, torí ìdajì 160 jẹ́ 80. Àwọn kan á sọ fún yín pé torí ìdí yín tóbi, ó ti gbà yín. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Ìdí tó tóbi dára ju ìdí tó kéré lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ikùn tó wà níwájú ò lọ síbì kankan nítorí rẹ̀.

Ìyá wa, ẹ fún mi ní nọ́ńbà mẹ́fà, èyí tí mo ń wá ò sí níbẹ̀. Mélòó ni ìfúnpá yín? Mo tún ìwé yín kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí i. 91 nínú 100 tí mo kọ sókè yẹn, òun ni. Ọ̀rá lè dí iṣan, ikùn lè ti ṣúgà sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń lu ògiri iṣan lójoojúmọ́ títí yóò fi bẹ́ tàbí tí yóò fi gba ọ̀rá sára. Èyí gan-an ló jẹ́ kí ẹnu má yà mí nígbà tí ẹ sọ pé ọ̀rá ẹ̀gbọ́n yín ò ga. Oríṣi rọpárọsẹ̀ méjì ló wà: èyí tí iṣan dí, àti èyí tí iṣan bẹ́. LDL tó pọ̀ wà nídìí ti dídí ní pàtàkì. Ti bíbẹ́, ìfúnpá ni baba rẹ̀, ọ̀rá lè wà nílẹ̀ pátápátá kó sì wáyé. Nínú SIREN, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló jẹ́ ti bíbẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí àìsàn ńlá bá dé sí ara, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sábà máa ń wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà èyí tí wọ́n yẹ̀ wò lórí bẹ́ẹ̀dì lè má jẹ́ bó ṣe rí kó tó kọlù wọ́n. Kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Ẹ lọ wọn ìfúnpá lọ́sẹ̀ yìí, ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó bá sún mọ́ yín. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó dì í mọ́ yín lápá, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́lẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì, ẹ má sì sọ̀rọ̀ ọjà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá aṣọ tí wọ́n ń dì náà tóbi tó apá yín. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé apá tó bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 32 yíká nílò èyí tó tóbi. Tí wọ́n bá fi kékeré dì í, á kà ju bó ṣe rí lọ, wọ́n á sì fún yín lóògùn tí ẹ ò nílò. Tó bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, ẹ padà lọ lọ́jọ́ mìíràn, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ ṣe ṣúgà àárọ̀ pẹ̀lú, láìjẹun. 126 mg/dl sókè ni à ń pè ní àtọ̀gbẹ, tó bá tún jáde bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ lè máa rò ó pé ó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, àwọn bíi atorvastatin àti rosuvastatin. Oògùn tó dáa ni, ó ń dín LDL kù gan-an, ó sì ń dín ìkọlù kù. Ṣùgbọ́n LDL 147 nìkan kọ́ ló ń pinnu rẹ̀. Tí ìfúnpá bá wà nílẹ̀ tí ṣúgà sì dáa, ó ṣeé ṣe kí dókítà ní kí ẹ kọ́kọ́ wo oúnjẹ àti ìrìn fún oṣù mẹ́ta kí ẹ tún un yẹ̀ wò. Tí ìfúnpá bá ga tàbí tí ṣúgà bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹ má lo nínú oògùn ẹ̀gbọ́n yín. Àgbo tí wọ́n ń kéde lójú ọjà pé ó ń fọ ọ̀rá iṣan, mi ò rí ìdí tí n ó fi ní kí ẹ mu ún. Èyí tí mo bínú sí jù ni pé ó ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn fi oògùn ìfúnpá wọn sílẹ̀.

Nípa oúnjẹ, ẹ ò sọ ohun tí ẹ ń jẹ, ṣùgbọ́n mo mọ Ẹ̀gbá tó ń jẹ láfún. Láfún ò ní ọ̀rá, kì í ṣe òun ló gbé LDL yín sókè. Bó ṣe tóbi tó lórí àwo ló ń lọ sí ikùn. Ewédú àti ẹ̀fọ́ dára, ẹ sọ wọ́n di ti ojoojúmọ́: SIREN rí i pé àwọn tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ tútù déédéé ló ń rí ìkọlù jù, àwọn tó ń jẹ ẹran déédéé sì wà lára wọn. Ọbẹ̀ ọ̀fadà ọjọ́ àríyá pẹ̀lú ṣàkì, ẹran àti ẹyin tó ń wẹ̀ nínú epo, ẹ fi sí ọjọ́ àríyá. Ohun tí wọ́n kọ sára gálọ́ọ̀nù òróró pé kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, òótọ́ ni, kò sì sí epo igi tàbí ti irúgbìn tó ní in, epo pupa pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì epo pupa ni ọ̀rá tó máa ń dì, irú ọ̀rá yìí ló sì ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti kó LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Epo ṣíbí kan fún ẹnì kan nínú ìkòkò, kì í ṣe ìgò. Iyọ̀ orí tábìlì, ẹ gbé e kúrò. Ìrìn, gegele Abẹ́òkúta tó. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn fún ìdajì wákàtí lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kí ẹ gun òkè díẹ̀ níbẹ̀, dípò kí ọ̀kadà gbé yín dé ẹnu ìsọ̀.

Ohun kan kù tí ẹ ò béèrè. Ẹ bá mi wo ìwé àwòrán ọpọlọ tí wọ́n ya fún ẹ̀gbọ́n yín ní ọsibítù, CT, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn bóyá ti dídí ni tàbí ti bíbẹ́. Tó bá jẹ́ ti dídí, LDL wọn ní láti wà lábẹ́ 70, wọ́n á sì máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Tó bá jẹ́ ti bíbẹ́, oògùn yẹn kan náà lè ṣe wọ́n ní ìjàm̀bá. Nítorí náà, kí ẹ tó mọ èyí tó jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ra aspirin fún wọn ní kẹ́míìsì, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á fọwọ́ sọ̀yà tó.